Ìjì Ló Pa Don Tello

Lẹ́yìn tí ìjì ńlá yẹn kọjá, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa mọ́, torí ìjì ti gbé àwọn àkùkọ lọ. Ìró kọ́rọ́bá ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ ó máa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ síbi ìsun omi: kọ́rọ́bá ń lu kọ́rọ́bá, àwọn èèyàn ń kí ara wọn, ẹnì kan ń bínú pé wọ́n ti gba iwájú òun.

"Don Tello, ẹ ti débẹ̀ ná?"

"Mo ti débẹ̀ kí ẹ tó lá àlá yín tán. Ẹ gbé kọ́rọ́bá yín wá, ẹ yé sọ̀rọ̀."

Don Tello ni ọkọ Nereida, ẹ̀gbọ́n mi; Don la máa ń fi bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin, Doña fún obìnrin. Eleuterio Maysonet lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, àgbẹ̀ kọfí sì ni. Wákàtí mẹ́tàlá ni ìjì náà fi na àdúgbò wa lórí òkè ní erékùṣù wa. Ó ṣí páànù ilé Tello, ó wó gbogbo kọfí tó ti ń tọ́jú láti ọgbọ̀n ọdún, ó gbé afárá odò lọ, ó wó òpó iná, ó fọ́ páìpù omi. Ṣùgbọ́n kò pa Tello. Ó jáde lábẹ́ tábìlì ilé ìdáná, ó wo òkè tí kò ní ewé kan ṣoṣo mọ́, ó ní, "Ó dáa. Àwa la ṣẹ́ kù."

Òun ló rántí ìsun omi tí bàbá rẹ̀ ń mu nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ omi lórí òkè. Ó fi àdá la ọ̀nà débẹ̀, ó kó òkúta kúrò, ó fi ọparun ṣe ojú ibi tí omi ń gbà ṣàn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo àdúgbò ló ń pọn níbẹ̀. Àwọn arúgbó tí kò lè sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń gbé e lọ fún. Èmi Provi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, orúnkún ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Tello ń gbé omi mi wá, mi ò sì bi í rí bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Páànù ti ya á lójúgun lọ́jọ́ ìjì. Egbò náà kò jinná, torí inú omi ló ń wọ̀ lójoojúmọ́. Nereida fi aṣọ dì í. Omi máa ń tú aṣọ náà.

Ní ọjọ́ kan, mo fi igi tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra mi. Mo rí eku méjì tó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọparun.

Mo ní, "Tello, eku kú síbí o."

Ovidio, aládùúgbò wa tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, ló dá mi lóhùn. "Àwọn náà ò ní omi nílé, Provi. Wọ́n mu àmuyó ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹ̀rín ti wọ́n wa nígbà yẹn, èyí tí a bá rí, à ń rín in. Tello fi igi ti àwọn eku náà sínú igbó. Ó ní, "Omi tó ń ṣàn kì í dọ̀tí. Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ọdún méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló sì lò láyé."

Iná wà láti fi se omi. Igi gbígbẹ kún ilẹ̀, gbogbo òkè ló di igi ìdáná. Kò sẹ́ni tó sè é.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn ìjì, Tello jí pẹ̀lú ibà. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ń dùn ún, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún sì ń dùn ún débi pé aṣọ kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Nereida ní, "Ìwọ tí o kì í jókòó. Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀?"

Èmi ni mo gbé tíì ewé ọsàn wá. Èmi náà ni mo sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù, kí ó sùn. Ní ọjọ́ kẹrin ibà náà lọ. A dúpẹ́. Tello jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà òtílí, ó gbé kọ́rọ́bá, ó tún sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi omi.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, kò lè dìde mọ́. Nígbà tó yí ojú sí mi, ẹyin ojú rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú bí èso ìyeyè. Nereida sọ fún mi nínú ilé ìdáná pé láti àná, ọkọ òun kò tọ̀.

Afárá ò sí. Ovidio àti ọkùnrin mẹ́ta mìíràn so aṣọ ibùsùn mọ́ ọ̀pá, wọ́n gbé e sínú rẹ̀, wọ́n sì fi okùn di ara wọn pọ̀ kí wọ́n tó wọ odò. Òwúrọ̀ ni wọ́n kúrò nílé. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó rí ọkọ̀ ní òdìkejì. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ó ń kú, ó ń jí. Orí ìjókòó ni wọ́n tẹ́ Tello sí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n bi Nereida, tó tẹ̀ lé wọn lọ, bóyá Tello ń mu sìgá, bóyá ó ń mutí, bóyá ẹnì kan ní àrùn ọkàn nínú ìdílé wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tello kú.

Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ikú pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Ikú wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tí wọ́n pè é nìyẹn. A gbé e lọ sin, a sì padà sórí òkè, a ń pọn omi níbi ìsun omi yẹn.

Rédíò Ovidio tó ń lo bátìrì ló sọ fún wa pé ìjọba ti ka àwọn tí ìjì pa. Wọn ò tó ọgọ́ta ní gbogbo erékùṣù. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ náà fi í yangàn, ó ní a ṣe dáadáa, pé à bá kú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nereida bi mí pé, "Ṣé Tello wà nínú wọn?"

Mo nawọ́ mú nínú òtílí tó ń ṣà, èmi náà ń ṣà á.

"Provi, mò ń bi ọ́. Ṣé ọkọ mi wà nínú àwọn tí wọ́n kà?"

"Wọ́n ní ọkàn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní, "Hẹn-ẹn." Ó ń ṣa òtílí lọ. Àmọ́ mo rí i pé òtílí tó dára gan-an ló ń dà nù.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Doña Haydée dé. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti àdúgbò dé àdúgbò lórí òkè, òun àti àwọn mélòó kan tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìlera sílẹ̀ fúnra wọn. Nereida se kọfí fún un. Ó bi í báwo ni àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nereida sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Doña Haydée ní, "Ibà náà lọ, ó tún padà?"

"Ó lọ fún ọjọ́ méjì. A rò pé ó ti tán."

"Ojú pupa rúsúrúsú. Kò tọ̀. Egbò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀." Ó gbé ife kọfí sílẹ̀. "Omi wo lẹ ń mu?"

Nereida nawọ́ sí ìsàlẹ̀. "Ti ìsun omi. Òun fúnra rẹ̀ ló là á fún wa."

"Ẹ ń sè é?"

Gbogbo wa ń wo igi gbígbẹ tó kún ilẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi," Doña Haydée wí. "Nígbà tí ìjì bá ti ba ilé jẹ́, àwọn eku máa ń sá lọ síbi tí omi àti oúnjẹ wà. Wọ́n á tọ̀ sínú omi. Kòkòrò kan wà nínú ìtọ̀ yẹn tí ojú kò lè rí. Ó máa ń gba ojú egbò wọlé, ó máa ń gba ẹnu wọlé. Yóò kọ́kọ́ dà bí ibà lásán. Nígbà mìíràn yóò tilẹ̀ ṣe bí ẹni lọ. Tó bá fi máa padà, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Oògùn rẹ̀ wà, kò le rárá, tí èèyàn bá tètè lò ó. Mo ti rí irú rẹ̀ márùn-ún lórí òkè yìí. Mẹ́ta ti kú, ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ pé ọkàn ni, tàbí ọjọ́ ogbó."

Nereida ní, "Ó ti kú, Doña. Ìwé ò lè jí i."

"Kò lè jí i, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn tó wà lólú-ìlú, ìwé ni wọ́n ń kà. Tí wọ́n bá ka ìwé àádọ́ta, omi èèyàn àádọ́ta ni wọ́n á gbé wá nígbà tí ìjì mìíràn bá dé."

Nereida kó ife kọfí, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù. A fi igi dábùú ojú ọ̀nà ìsun omi náà. Doña Haydée kọ ọ́ sórí pákó pé kí ẹnikẹ́ni má mu níbẹ̀ láìsè é. Àwọn aládùúgbò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sọ pé "Ọlọ́run á bù kún yín, Don Tello" ni wọ́n wá ń sọ pé Tello fún àwọn ní májèlé mu. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ní ibà, Maritere, dúró sí iwájú ilé ẹ̀gbọ́n mi, ó sì pariwo.

"Ọkọ rẹ ló fà á! Ta ló ní kó gbé omi eku wá fún wa?"

Nereida jáde sí i. "Ìwọ ni. Ìwọ lo ní kó gbé e wá. O tún ní kó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, torí o fẹ́ sùn."

"Nereida..."

"Ṣé Tello ló fọ́ páìpù omi? Ṣé Tello ló ní kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá kí ẹnikẹ́ni má gbé omi wá sórí òkè yìí? Gbé ọmọ rẹ lọ sọ́dọ̀ Doña Haydée. Lọ báyìí. Tó o bá parí ìyẹn, padà wá bú mi, mi ò ní lọ síbì kan."

Maritere gbé ọmọ náà lọ. Ọmọ náà yè. Kò padà wá bú ẹnikẹ́ni, kò sì padà wá tọrọ àforíjì. Títí dòní, tó bá rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà, ilẹ̀ ló máa ń wò.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ibà mú Ovidio. Ìyàwó rẹ̀ kò dúró kí ó rí bó ṣe máa rí. Lọ́jọ́ kejì gan-an ló ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó sì sọ gbólóhùn tí Doña Haydée kọ́ wa: "Ó ti mu omi ìsun, ó sì ti wọ inú odò lẹ́yìn ìjì." Wọ́n fún Ovidio lóògùn lójú ẹsẹ̀. Ó wà láàyè. Kò tún dá àpárá kankan nípa eku mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Maritere ni Nereida wọ bàtà, ó ní kí n bá òun lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ kí a tó rí dókítà tó fọwọ́ sí ìwé náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ojú rẹ̀ pọ́n, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù kiri.

Ó ní, "Ẹ má bínú, mama. Mi ò rántí wọn. Àwọn mẹ́tàdínlógún ló kú lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yẹn."

"Kí ló pa wọ́n?"

"Oríṣiríṣi nǹkan. Ti ọkọ yín, ọkàn wọn ló dáwọ́ dúró."

"Ọkàn ta ni kì í dáwọ́ dúró tó bá kú?"

Dókítà náà dìde, ó lọ wá fáìlì. Ó pẹ́ kó tó padà. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kà á lórí ìdúró. Èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára Tello ni. Ó ti dé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi í sínú fáìlì, kò sẹ́ni tó ráyè wò ó. Àìsàn ìtọ̀ eku ni.

Ó jókòó. "Mi ò mọ̀," ó wí. "Ẹ ò sọ fún wa pé..."

"Ẹ ò bi mí!" Ohùn Nereida gba gbogbo yàrá náà. "Ẹ bi mí bóyá ó ń mu sìgá. Ẹ bi mí bóyá ó ń mutí. Ẹ ò bi mí omi tó ń mu! Ìjì gbé afárá lọ, ẹ rí ẹrẹ̀ odò lára àwọn tó gbé e wá, ẹ ò sì bi wá ní nǹkan kan!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bojú. Mo fẹ́ bínú sí i, àmọ́ ó ti mú kálàmù. Ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé ikú lójú wa, ó fọwọ́ sí i, ó lẹ èsì ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn.

Oṣù mẹ́jọ ni a fi dúró. Ìwé tuntun dé. Wọ́n ti kọ ìjì síbẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ orúkọ náà sí Eleuteria, wọ́n sì ní obìnrin ni. Nereida kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dùn-ún gbọ́. Ó ní, "Wá wò ó, Provi, ìyàwó mi kú." A tún padà lọ. Oṣù mẹ́rin mìíràn.

Ọjọ́ tí ìwé tó tọ́ dé, mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó kà á lórí ìdúró, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní, "Ó dáa. Wọ́n ti gbà pé wọ́n pa á," ó sì lọ tú ewúrẹ́ sílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà nìyí. Lórí òkè wa, ilé mẹ́sàn-án ló ṣófo nínú mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́ pa, torí àwọn ọmọ ò pọ̀ mọ́. Ọmọbìnrin Nereida kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó ré kọjá òkun lọ sí ìlú Orlando, ó ní kí ìyá òun máa bọ̀. Nereida ní òun ò lọ, pé ta ni yóò máa ro oko Tello. Kò sí oko kankan níbẹ̀. Kọfí tuntun tó gbìn kò tíì ju orúnkún lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ó rí i tó ń sáré bu omi sínú gbogbo ìkòkò, gbogbo abọ́, títí kan ife. Tí ẹ bá ní kó fi í sílẹ̀, yóò wò yín bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí.

Èmi náà ń bá Doña Haydée rìn báyìí. Bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ mi, orúnkún mi sì ń dùn mí, mò ń sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé. Ohun tí mò ń sọ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn ìjì tàbí omíyalé, ẹ má mu omi odò tàbí ti ìsun láìsè é, bó ti wù kó mọ́ tó lójú yín. Ẹ sè é kó hó dáadáa, kí ẹ sì bò ó. Ẹni tó bá ní egbò, kó má wọ inú omi; tó bá di dandan, kó wọ bàtà rọ́bà kó sì di egbò náà. Ẹ pa oúnjẹ mọ́ kúrò lọ́wọ́ eku.

Tí ibà, orí fífọ́ àti ìrora ẹsẹ̀ bá mú ẹnikẹ́ni láàárín oṣù kan lẹ́yìn tó bá wọ irú omi bẹ́ẹ̀ tàbí tó mu ún, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró dìgbà tí ojú rẹ̀ bá yí àwọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ibà tó lọ tàn yín jẹ, bó ṣe tan èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ má retí kí wọ́n bi yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́: omi wo ló mu, odò wo ló wọ̀, ọjọ́ wo ni. Ìyàwó Ovidio sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ sì wà nílé.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá kọjá oògùn, ìjì kì í pa gbogbo àwọn tó máa pa lọ́jọ́ tó bá jà. Ẹni tí iná ò sí láti mú ẹ̀rọ ìmí rẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹni tí oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ bàjẹ́ nínú ooru, ẹni tí afárá ò sí fún, ìjì ló pa wọ́n, bí oṣù mẹ́ta tiẹ̀ ti kọjá. Kí dókítà tó fọwọ́ sí ìwé ikú, ẹ sọ fún un bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀. Tó bá ti kọ nǹkan mìíràn, ẹ padà lọ, ẹ ní kó tún un ṣe. Tí wọ́n bá lé yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ padà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ka orúkọ inú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣètò omi, oògùn àti afárá fún ìjì tó ń bọ̀, iye òkú ìjì tó kọjá ni wọ́n ń wò. Òkú tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n fò dá, òun ni yóò jẹ́ kí wọ́n fo ọmọ yín dá nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́.